Ilé Orí Táyà: Bí Arìnrìn-àjò Ṣe Lè Rìn Jìnnà Kí Owó Rẹ̀ Má Tán Lọ́nà

Ní ojú ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnu gba Bohicon, Ìdáàṣà àti Glazoué lọ sí Pàràkú, ọkọ̀ kan a máa kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò jọ ọkọ̀ akérò, tí kò sì jọ ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ga. Aṣọ títa wà lójú fèrèsé rẹ̀, àkàbà kékeré sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn tí ó ni ín kì í wá hòtẹ́ẹ̀lì kiri. Wọn a tọrọ àyè, wọn a dúró, wọn a se oúnjẹ wọn, wọn a sì sùn sórí ibùsùn ara wọn nínú ọkọ̀ náà. Àwọn Faransé ń pe irú rẹ̀ ní camping-car. Ní èdè Yorùbá, ọkọ̀-ilé ni a lè pè é.

Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé ohun ìṣeré àwọn olówó ni. Irọ́ kọ́ pátápátá ni èrò yìí, nítorí ọkọ̀-ilé tuntun wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi í rìn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n rà, tí wọ́n fi pákó tún inú rẹ̀ ṣe. Ohun tí ó gbé wọn dé ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n jókòó ṣírò ohun tí ń jẹ owó arìnrìn-àjò, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń jẹ ẹ́ jù.

Ìṣírò yìí kan ará Aklampa ju bí ó ti rò lọ. Àwọn ará Aklampa kì í jókòó sí ojú kan. Iṣu, àgbàdo àti kajú wọn gbọ́dọ̀ dé ọjà. Ní ọjọ́rú, ọjà Glazoué a kún, àwọn oníṣòwò a sì ti Nàìjíríà, Tógò àti Nìjẹ̀ wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń kàwé ní yunifásítì Pàràkú, àwọn mìíràn ń kàwé ní Abomey-Calavi. Aláìsàn a máa lọ sí Kútọnu, ẹbí rẹ̀ a sì tẹ̀lé e. Nínú gbogbo ìrìn wọ̀nyí, owó tí ó yẹ kí ó san owó ilé ìwé tàbí kí ó ra irúgbìn ni ó ń tú dànù díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Kì í ṣe iye gidi ọjà òní ni a kọ síbẹ̀. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan fi iye tí ó mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Obìnrin kan lọ sí Kútọnu fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó san 14 000 fáráǹkì fún ọkọ̀, ní àlọ àti àbọ̀. Ó sùn ní òru mẹ́ta sí ilé àlejò, ní 5 000 fún òru kan. Ìyẹn jẹ́ 15 000. Ó ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ, ní 2 000 lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ 8 000. Ó gun zémidjan nínú ìlú, ní 1 000 lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ 4 000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41 000 fáráǹkì.

Ó yẹ kí a wo ìṣírò yìí lẹ́ẹ̀kejì. Owó ọkọ̀ kò tó ìdá méjì gbogbo owó náà. Oorun àti oúnjẹ nìkan gba 23 000. Síbẹ̀, obìnrin yìí kan náà lè dúró sí ibùdókọ̀ fún wákàtí kan, kí ó máa bá awakọ̀ jà nítorí 500 fáráǹkì. Kò burú kí ènìyàn dúnàá dúrà. Ohun tí ó burú ni kí ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú nígbà tí olè ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ọgbọ́n ọkọ̀-ilé kò ju èyí lọ: kí ibùsùn àti ìdáná bá ènìyàn rìn. Ó sì ti pẹ́. Ní ọdún 1885, dókítà ọmọ Skọ́tláǹdì kan, William Gordon Stables, ní kí wọ́n kan ilé kékeré onígi kan fún òun, kí wọ́n sì gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹṣin méjì ni ó ń fà á. Stables ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi tẹ́lẹ̀. Ó gbé ilé yìí rìn láti gúúsù Ìlú Ọba dé òkè Skọ́tláǹdì. Ọ̀nà náà ju 2 000 kìlómítà lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kan a máa gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ síwájú, kí ó lè kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ pé ilé kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbádùn ni Stables ń wá, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi owó pamọ́. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mọ bí a ṣe ń fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣọ́ owó ná.

Èyí tí ó wúlò jù fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò dé ní ọdún 1951, ní Jámánì. Ilé iṣẹ́ Westfalia ṣe àpótí onígi kan tí a lè gbé sínú bọ́ọ̀sì kékeré Volkswagen. Ibùsùn àti ibi ìkẹ́rùsí ni àpótí náà, a sì lè tú u jáde. Ní ọjọ́ iṣẹ́, bọ́ọ̀sì náà á gbé ẹrù bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á gbé àpótí náà padà sínú rẹ̀, ọkọ̀ náà á sì di ilé. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí ni pé ọkọ̀ náà kò jókòó lásán. Ọkọ̀-ilé tí ó wà ní àgbàlá fún oṣù mẹ́wàá, tí a ń lò fún oṣù méjì péré, kì í fi owó pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìpàdánù tí ó ní táyà ni.

Àwọn ará agbègbè òkè Ìdáàṣà kò ṣàìmọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn gbé ilé rìn. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Kútọnu lọ sí Pàràkú, ọ̀nà kìlómítà 438, a máa dúró ní Ìdáàṣà àti ní Glazoué nígbà tí ó ṣì ń gbé èrò. Àwọn èrò a máa gbé ẹní, ìkòkò àti ọmọ wọlé. Wọn a jẹun nínú rẹ̀, wọn a sì sùn nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò gbé èrò mọ́, ojú ọ̀nà ọ̀dà ni gbogbo ẹrù bọ́ sí. Láti ìgbà náà, obìnrin oníṣòwò tí kò fẹ́ san owó méjì a máa gun orí ẹrù iṣu nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ń sùn lórí ọjà rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọjà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Gààrí rẹ̀ wà nínú àpò, omi rẹ̀ wà nínú kèrègbè tàbí bídọ̀n.

Ìrìn yìí pọ́n owó kù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yìn ín. Ẹni tí ó jókòó sórí ẹrù kò ní ohun tí ó lè dì mú bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Òru ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń rìn. Àwọn ará Ìdáàṣà kò tíì gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí bọ́ọ̀sì akérò kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu ara wọn ní ìlú wọn, tí iná sì sọ. Ó ju ogún ènìyàn lọ tí ó kú. Àwọn tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà san owó ọkọ̀ wọn pé, wọ́n sì jókòó sórí àga. Bí ewu bá lè dé bá ẹni tí ó jókòó sórí àga, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ó wà lórí àpò iṣu?

Nítorí náà, ọ̀nà tí ó bá Aklampa mu ni ti àpótí tí a lè tú jáde. Oníṣòwò mélòó kan, tàbí ẹbí kan, ti lè ní bọ́ọ̀sì kékeré tí ó ń gbé ọjà lọ sí Glazoué. Kò sí ìdí tí wọ́n fi ní láti ra òmíràn. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó lè kan àpótí aṣọ fún ìyàwó tuntun lè kan èyí. Àpótí gígùn méjì ni yóò kàn, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ òsì, pẹ̀lú ìdérí tí ó lágbára. Ní ọ̀sán, àwọn èrò á jókòó lé wọn. Ní alẹ́, pákó mẹ́ta tàbí mẹ́rin á bo àlàfo àárín, a ó tẹ́ ẹní tàbí mátírẹ́ẹ̀sì tín-ín-rín lé e, ó sì di ibùsùn. Bóòtù ni kí a fi dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ìṣó, kí a lè tú u ní ọjọ́ ọjà. Ìgi fúyẹ́ ni kí a lò. Gbogbo kìlógíráàmù tí a bá fi kún ọkọ̀ ni yóò mu epo, ní gbogbo kìlómítà tí ó bá rìn.

Inú àpótí kan jẹ́ ti oúnjẹ. Gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà, kúlíkúlí àti iyọ̀ kì í tètè bàjẹ́. Wàrà àwọn Fúlàní, tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní wàgásì, lè bá ènìyàn lọ pẹ̀lú, bí a bá ń bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Inú àpótí kejì jẹ́ ti ìkòkò, ààrò kékeré, fìtílà, àpò ìwòsàn àti irinṣẹ́ ọkọ̀. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tàbí kí a so ó mọ́lẹ̀. Ìkòkò irin tí a gbé kalẹ̀ lásán lè fò bá orí awakọ̀ bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Omi mímu ń fẹ́ bídọ̀n tirẹ̀ tí kò gbé epo rí.

Ṣé ó wá fi owó pamọ́ lóòótọ́? Kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. Ọkọ̀ náà rin 600 kìlómítà, láti Aklampa sí Kútọnu, nínú ìlú, àti ní àbọ̀. Bí ó bá ń mu lítà 12 fún 100 kìlómítà, yóò mu lítà 72. Bí lítà kan bá jẹ́ 700 fáráǹkì, epo jẹ́ 50 400. Kí a fi 9 600 kún un fún owó ojú ọ̀nà ní péage, irú èyí tí ó wà ní Houègbo, àti fún àwọn ohun kéékèèké. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60 000. Ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó ń se oúnjẹ tirẹ̀ lè ná 700 lójúmọ́, ìyẹn 2 800 fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí a sì ya 50 000 sọ́tọ̀ nínú ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan fún táyà, òróró àti àtúnṣe. Àwọn tí kì í ya owó yìí sọ́tọ̀ ni ọkọ̀ wọn ń kú sí àárín igbó.

Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé ọkọ̀ náà lọ, yóò ná 112 800. Bẹ́ẹ̀ ni ìbá ti ná 41 000 nínú ọkọ̀ akérò. Ìyẹn kì í ṣe ìfowópamọ́ rárá. Bí ẹni méjì bá lọ, àdánù ṣì wà. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, gbogbo ìnáwó wọn jẹ́ 118 400, nígbà tí ìbá ti jẹ́ 123 000. Èrè náà kéré, ṣùgbọ́n ó ti yọjú. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, wọ́n ná 124 000 dípò 205 000. Ó ṣẹ́ku 81 000 fáráǹkì, ìyẹn 16 200 fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń sọ ọkọ̀-ilé di ohun ìfowópamọ́ ni iye àwọn tí ó jọ wà nínú rẹ̀. Òyìnbó méjì tí ń fi oṣù mẹ́fà rìn kiri ní ìṣírò tiwọn, nítorí òru hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ kúrò pọ̀ gan-an. Ẹni tí ó ń lọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbọ́dọ̀ wá ẹlẹgbẹ́, tàbí kí ó wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹni márùn-ún kò lè na ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan. Ẹni mẹ́ta á sùn sínú, méjì á sùn síta lórí ẹní, lábẹ́ àpò ẹ̀fọn tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ibi tí a ó dúró sí ṣe pàtàkì ju bí ibùsùn ti rí lọ. Etí ọ̀nà kì í ṣe ibi oorun. Ilé epo tí ó ní ọdẹ lóru dára, bí ẹni tí ó ni ín bá gbà. Ní abúlé, ẹni tí ó bá lọ kí olórí àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ń lọ, kì í sábà rí ìjà. Ní Kútọnu, àgbàlá ẹbí ni ó dára jù. Ilé ẹbí kì í gba owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́: iṣu mélòó kan gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Àǹfààní ẹni tí ó ní ibùsùn nínú ọkọ̀ ni pé ilẹ̀ nìkan ni ó ń tọrọ. Àwọn ọmọ onílé kò ní dìde lórí ẹní wọn nítorí rẹ̀, wọn yóò sì fi inú dídùn gbà á nígbà mìíràn.

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn Kátólíìkì ń ti ibi gbogbo lọ sí ihò àpáta Màríà Wúńdíá ní Ìdáàṣà, tí Savalou náà sì ń ṣe àjọ̀dún iṣu tuntun ní ọjọ́ 15, yàrá a máa ṣọ̀wọ́n ní gbogbo agbègbè náà. Ní irú àkókò yìí, ẹni tí ó gbé ibùsùn tirẹ̀ dání kò ní ìdí láti bá ẹnikẹ́ni jà nítorí yàrá.

Ọ̀rọ̀ iná àti epo kò gba àwàdà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ̀dọ̀ tan èédú nínú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ìbáà ṣe láti se oúnjẹ tàbí láti lé òtútù ọyẹ́. Èédú tí ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Ìta ni ibi ìdáná. Epo kpayo nínú bídọ̀n kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn sí, bí ó ti wù kí ó pọ́n owó tó. Lóru, kí fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn ṣí díẹ̀, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n nítorí ẹ̀fọn. Abẹ́ igi ni kí ọkọ̀ wà láti ọ̀sán, nítorí irin tí oòrùn ti yan kì í tètè tutù.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀, tí kò sì ní ẹlẹgbẹ́, lè mú ìdajì ọgbọ́n yìí lò. Ẹní kan, àpò ẹ̀fọn kan, abọ́ onídèérí kan, ìgò omi àti gààrí ọjọ́ mẹ́rin kò wúwo. Nínú àpẹẹrẹ tí ó wà lókè, bí obìnrin náà bá gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ nìkan, 8 000 á di 2 800. Bí ó bá wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ dípò ti ìrọ̀lẹ́, ó lè dé ní ọ̀sán, kí ó ṣe nǹkan ní ọjọ́ náà, kí ó sì yọ òru kan kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka òru kan sí owó, bẹ́ẹ̀ ni 5 000 fáráǹkì ni.

Owó ìrìn-àjò fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ibi ìpamọ́. Èsúsú ni àwọn obìnrin mọ̀ jù. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń dá 5 000 lóṣooṣù, 50 000 ni ẹnì kan yóò kó. Kí ẹni tí ó mọ ìgbà tí òun yóò rìn tọrọ pé kí oṣù náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ta kajú tàbí iṣu, tí owó ńlá bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lè fi í sí CLCAM. Lójú ọ̀nà, owó orí fóònù dára ju owó inú aṣọ lọ. Kí ènìyàn mú ohun tí yóò ná ní ọjọ́ kan dání, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ sórí fóònù. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ fún awakọ̀, tàbí fún ẹni tí ó pe fóònù tí ó ní òun ti ilé iṣẹ́ fóònù wá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà tàbí Tógò gbọ́dọ̀ mú permis, ìwé ọkọ̀ àti carte brune dání. Kútọnu ni àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ti fọwọ́ sí àdéhùn carte brune, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982. Bí ọkọ̀ bá pa ènìyàn lára ní ilẹ̀ mìíràn, àṣùráǹsì yìí ni yóò dá a lóhùn. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 sì ya ọkọ̀ sí oríṣi méjì. Ọkọ̀ tí ènìyàn ń lò fún ara rẹ̀ lè wà ní ilẹ̀ mìíràn fún 90 ọjọ́. Èyí tí ó wà fún òwò kò ju ọjọ́ 15 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ṣòwò níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí ń gbé iṣu lọ sí Glazoué jẹ́ ti òwò nínú ìwé rẹ̀, àní bí a bá tilẹ̀ gbé ibùsùn sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi í lọ bẹ ẹbí wò ní Ìbàdàn yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ rẹ̀ láti ẹnubodè Sèmè-Kraké.